Àmì Kan Nínú Ilà Funfun

Ẹni tó bá wù kó pè mí ní òpùrọ́. N kò mutí, n kò sùn, oòrùn sì ṣì wà lójú ọ̀run. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Èbúté ni mo ti ń ṣọ́ ràdá, ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ orí omi hàn bí àmì lójú rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Olójú-ẹja, torí n kì í ṣẹ́jú. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀ èrò lórí omi. Ní ìrọ̀lẹ́, kó tó wọ èbúté, á pè mí lórí rédíò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ, olórí-ńlá."

Ìgbà yẹn ló tó máa ń wọlé.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ fóònù kan ri òpó mọ́ ẹnu èbúté. Ìgbì rédíò tí ràdá wa ń lò ni wọ́n ní ká jọ máa lò. Àdéhùn ni pé bí ràdá bá ti ń yí, òpó wọn á dákẹ́. Kò dákẹ́ rí. Ilà funfun kan yọ lójú ẹ̀rọ, láti àárín lọ sí apá ibi òpó náà, ó bo gbogbo omi tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ̀wé fẹjọ́ sùn.

"Pa ilà yẹn rẹ́," ni ọ̀gá wa wí.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ á bá a parẹ́."

"Àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ mọ́."

Mo tẹ bọ́tìnì. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, kùrukùru bo omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí mi?"

Ojú ẹ̀rọ mọ́ tónítóní.

"N kò rí ọ. Dúró síbẹ̀."

"Ẹ yé ṣeré. Olójú-ẹja ò rí mi?"

"Mo ní kó o dúró!"

Ariwo irin. Ariwo omi. Ó tán.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jáde ló kọlù ú. Wọ́n yọ gbogbo èrò. Wọn ò rí òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá gbé ìwé wá. Ó wà nínú rẹ̀ pé ràdá rí gbogbo omi lọ́jọ́ náà. Ìwé náà ní àbúrò mi ni kò pè.

"Fọwọ́ sí i, kó tán."

"Ó pè! Mo gbọ́ ọ!"

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ilà funfun yọ.

Ọ̀gá gbé fóònù, ó pe ilé-iṣẹ́ tó ni òpó. "Ẹnjiníà, òpó yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀!"

"Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ rì ni mo ti gé wáyà rẹ̀. Òun nìyí lórí tábìlì mi."

Àmì kékeré kan wà nínú ilà náà. Ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ọkọ̀ èrò. Ràdá yí po: ó dé èbúté. Kò dúró. Ràdá yí po: ó ti gun orí ilẹ̀. Ràdá yí po: ó wọ géètì wa.

Ràdá kì í rí ara rẹ̀. Àárín ojú ẹ̀rọ, ibi tí àwa fúnra wa wà, dúdú ló máa ń wà. Ibẹ̀ ni àmì náà wá dúró sí, ó ń tàn. Òórùn omi iyọ̀ kún yàrá.

"Pa á rẹ́." Ohùn ọ̀gá ti wálẹ̀.

"Ẹ pa á fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ mọ́."

Ó tẹ bọ́tìnì. Ilà náà parẹ́. Àmì náà ò lọ.

Rédíò dún ṣììì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí mi?"

Ọ̀gá wò mí. Ó ti gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin lẹ bèèrè," ni mo wí. "Ẹ̀yin gan-an ni ẹnì kejì tó gbọ́ ọ."

Mo yí ìwé náà padà. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó pè, àwa méjèèjì sì gbọ́. Mo na bíírò sí i.

"Mà á fọwọ́ sí i," ni ó wí. "Ṣáà má dá a lóhùn. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó fọwọ́ sí i. Mo ká ìwé náà sápò. Mo gbé rédíò sẹ́nu.

"Mo rí ọ, olórí-ńlá. Máa wọlé."

Lẹ́yìn wa, ọwọ́ ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí.