Àtẹ́lẹwọ́ Fadékẹ́mi

Táì pupa ni Fadékẹ́mi kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó so ó mọ́rùn. Fadékẹ́mi wà nílẹ̀ gbalaja ní ibùdó rélùwéè Dùgbẹ̀, eèpo máńgòrò tó yọ̀ ọ́ ṣubú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lọ wọ̀ ti fọn fèrè, ó ti mú ọ̀nà Ọ̀ṣogbo pọ̀n láìwẹ̀yìn. Táì náà ń mì dirodiro lókè ojú rẹ̀ bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n gbé yín dìde."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ló fi gba ara rẹ̀ dúró nígbà tó ń ṣubú, ọrùn ọwọ́ náà sì ti tẹ̀ bí ọrùn ṣíbí. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó fi gbé apá ọmọbìnrin náà ró, ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó fi gbé ọwọ́ náà kọ́ ọ lọ́rùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìwé ìròyìn tòní nìyẹn o, mi ò tíì kà á. Bí ara bá tù yín, ẹ bá mi kà á, kẹ́ ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ẹ̀rín já mọ́ ẹkún lójú Fadékẹ́mi.

Olúgbádé ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó náà ni. Òun ló bá a wọ takisí dé ilé ìwòsàn. Dókítà fa eegun náà, ó tò ó padà sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fi pílásítà funfun tó le bí ògiri dì í láti àtẹ́lẹwọ́ títí dé abẹ́ ìgúnpá.

"Má jẹ́ kí omi kàn án o," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. "Má sì yọ ọ́ títí a ó fi ní kó o wá. Irúgbìn ni eegun. Ẹni tó bá ń hú u wò kò ní kórè."

Áà, Ìbàdàn ìgbà náà! Ilé Kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí ní Dùgbẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa gbójú sókè wò ó títí fìlà yóò fi já bọ́ lórí wọn. Ní Mọ́kọ́lá, òórùn búrẹ́dì Àǹtí Ọlọ́runtóyìn ló ń jí àdúgbò. Lọ́dọ̀ àǹtí yìí, àbúrò ìyá rẹ̀, ni Fadékẹ́mi ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tí ọwọ́ wà nínú pílásítà, ó jókòó síwájú ilé, ó ń tajà.

Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí Olúgbádé má yà níbẹ̀.

"Mo wá gba táì mi."

"Bùọ̀dá Gbádé, mo fọ̀ ọ́. Kò tíì gbẹ."

"Ẹ má kánjú. N ó tún padà wá lọ́la."

Àǹtí Ọlọ́runtóyìn á yọjú láti ẹnu ààrò. "Táì wo ni í pẹ́ gbẹ tó báyìí? Ṣé aṣọ òkè ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe wọlé, bí ìwúkàrà ṣe ń wọ ìyẹ̀fun: a kì í gbọ́ ìró rẹ̀, ìgbà tó bá wú la ó mọ̀.

Ìyá Olúgbádé ń gbé ní Agbowó, nígbà tí Agbowó ṣì jẹ́ oko àgbàdo àti ilé kọ̀ọ̀kan. Obìnrin aládùúrà ni, aláṣọ funfun, tí kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n ní ó ti dá ọmọbìnrin kan tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ fẹ́ padà, nítorí pé ọmọ náà fi ọwọ́ òsì bu iyọ̀ fún un. Fadékẹ́mi gbọ́ èyí, ó bẹ Olúgbádé kó má tíì sọ ti ọwọ́ rẹ̀ fún ìyá. Ṣùgbọ́n ìyá ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun yóò yà ní Mọ́kọ́lá, òun fẹ́ rí ọmọ.

Ẹ̀rù ba Fadékẹ́mi. Ta ni yóò rí ìyàwó tó gbé ọwọ́ kọ́rùn, tí kò ní rò pé ọjà àbùkù ni? Ó bu omi sínú bàsíà, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí pílásítà náà rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó bó o dànù.

Ọjọ́ náà pé. Ó wọ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn, ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá dáadáa. Inú ìyá dùn.

"Ọmọ mi, bu omi fún mi mu."

Ó gbé ife pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ìrora gún un dé èjìká, ọrùn ọwọ́ kò gbà. Kí ife má baà fọ́, ọwọ́ òsì sáré gbà á, ọwọ́ òsì náà ló sì nà án sí ìyá.

Ìyá kò gbà á.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni ìyá wí. "Ìwọ fi ń fún mi lómi." Ó mú báàgì rẹ̀, ó dìde.

Àǹtí Ọlọ́runtóyìn lanu, ṣùgbọ́n Fadékẹ́mi fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó sàn lójú rẹ̀ kí wọ́n pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ju kí wọ́n pè é ní alábùkù ara.

Nígbà tí Olúgbádé dé láti ibi iṣẹ́, ọrùn ọwọ́ náà ti wú.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni, Fadé?"

"Kí Màmá yín má baà rí i."

Ó wo ọwọ́ tó wú náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹyinjú mi, ìyàwó ni mo ń wá. Ta ló sọ pé ọwọ́ ni mo ń wá?" Ó béèrè táì rẹ̀. Fadékẹ́mi rò pé ó ti kọ òun sílẹ̀, àfi bó ṣe gbà á tán tó tún fi gbé ọwọ́ náà kọ́ ọ lọ́rùn.

Eegun ti yẹ̀. Wọ́n tún un fà, wọ́n tún un dì. Dókítà kò fi bò: ọwọ́ náà yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò yí tán.

Nígbà tí wọ́n yọ pílásítà lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ ti rù. Omi gbígbóná àti iyọ̀, fífún aṣọ tútù, pípo ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ ló fi ń tọ́jú rẹ̀. Ìka jí, agbára ń padà. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ kò ṣí sókè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo ìjọ bá tẹ́ ọwọ́ láti gba àdúrà, tirẹ̀ a kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ìbùkún ń dà nù lára rẹ̀. Èyí ló ń pa á lẹ́kún ju ìrora lọ. Ìyá kò sì tíì ránṣẹ́.

Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omijé ń kán sórí ọpọ́n, nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Olúgbádé ni, ó gbé igbá òrí lọ́wọ́.

"Gbádé ti ro gbogbo rẹ̀ fún mi. Mú ọwọ́ wá."

Fadékẹ́mi wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò mọ èyí tí yóò nà. Ìyá fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀tún, ó nu ìyẹ̀fun ara rẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa á.

"Ọmọ tó já ohun tó ń wò ó sàn nítorí ẹ̀rù mi, èmi ni mo ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Dárí jì mí. Kí ni oríkì rẹ?"

"Àkànkẹ́ ni, mà."

"Àkànkẹ́, ọmọ a-ṣubú-má-fọ́-ife. Àkànkẹ́, omi òwúrọ̀ tí í pa òùngbẹ arìnrìn-àjò."

"Yéè! Màmá, ẹ rọra."

"Ìrọra kọ́ ló ń na iṣan. Ké sí Jésù, kó o jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń ti Agbowó wá fi òrí pa ọwọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìkórè ni wọ́n ṣègbéyàwó. Táì pupa ni Olúgbádé wọ̀.

"Ó ti wá gbẹ," ni Fadékẹ́mi sọ sí i létí.

"Àǹtí ti ń bẹ̀rù pé kò ní gbẹ láé."

Àlùfáà ní kí tọkọtaya kúnlẹ̀ gba ìbùkún. Gbogbo ìjọ tẹ́ ọwọ́. Fadékẹ́mi yí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó yí, ó yí, ó kù díẹ̀ kó ṣí tán, ó dúró. Ó di ojú, ó fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó gbọ́ òórùn òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ìyá ti wá kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ti àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ ti ọmọ, ó gbé e sókè wẹ́rẹ́, ó sì dì í mú níbẹ̀.

"Èyí tó kù, a ó jọ gbé e."

Fadékẹ́mi ṣe àmín.