Ta Ló Ń Wó Òpó Ẹgbẹ́?

Aránṣọ tó ń rán ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́.

Àbúrò kóòṣì ló kú. Òun ni gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n náà gbára lé, Òpó ni wọ́n sì ń pè é. Eré ń lọ lọ́wọ́, ó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣubú, kò dìde mọ́. Kò ṣàìsàn. Kò forí gba nǹkan kan.

“Ẹ fún mi lẹ́ni kan tó péye,” ni kóòṣì wí lẹ́yìn ìsìnkú, “màá to àwọn yòókù yí i ká.”

“Ẹni kan ṣoṣo náà?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi í. Yàrá ẹ̀yìn ilé kóòṣì ló ń gbé, kò níbòmíràn.

Ẹni tí kóòṣì kọ́kọ́ mú, orúnkún rẹ̀ wú bí ìlù. Ó tún mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Kò pẹ́ tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ni ìyàwó kóòṣì bá fọhùn. “Ṣé ẹ ò rí i ni? Bí gbogbo ayé bá ń pàtẹ́wọ́, àyà ọmọ ọlọ́mọ ni Ẹ̀gbọ́n ń wò.”

“Ìyàwó, mo ń gbọ́ ẹ o.”

“Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Mà. Kẹ́ ẹ sọ fáwọn ẹlẹ́gbẹ́ òru yín náà!”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òwìwí gba ojú fèrèsé tó fọ́ wọ gbọ̀ngàn ìdánrawò, ó bà lé irin òkè àwọ̀n. Agùntáṣọọ́lò ju bọ́ọ̀lù, ó tàsé. Gbogbo wọn wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ètè rẹ̀ ń mì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó kóòṣì ká Ẹ̀gbọ́n àti Agùntáṣọọ́lò mọ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n wà láyà ọmọ náà. Ìyàwó figbe ta.

Kóòṣì pe ẹbí, ó pe ẹgbẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kó ẹrù yín kúrò nílé mi. Mo ti sin ọ̀kan, mi ò ní sin èkejì.”

Ẹ̀gbọ́n lọ di ẹrù rẹ̀, ó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Ni Agùntáṣọọ́lò bá dìde.

“Kóòṣì, ẹ yọ mí nínú eré yìí.”

“Orí ẹ dà rú ni?”

“Àyà ń dùn mí. Bí mo bá sáré, mi ò lè mí. Màmá tẹ́ ẹ ń lé yìí ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n sọ fún yín. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí.”

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹni tí wọ́n bá fi ṣe òpó kì í jáde, láti ìgbà tí fèrè bá dún títí eré á fi parí. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn nìyẹn. Ẹni tó bá ní ó rẹ òun, ojo ni.

“Àbúrò yín náà sọ fún yín lọ́jọ́ tó kú,” ni ọmọkùnrin kúkúrú tó máa ń pín bọ́ọ̀lù fún wọn wí. “Nígbà ìsinmi eré, ó ní àyà ń dun òun. Ẹ ní kó lọ ṣe bí ọkùnrin. Gbogbo wa la gbọ́.”

Ìyàwó kóòṣì tún ìró ró. “Ẹ̀gbọ́n, àwa ò kúkú mọ̀...”

“Ẹ ò mọ̀, àmọ́ ẹ mọ àjẹ́.”

Kóòṣì kúnlẹ̀. “Ẹ má lọ. Màá tún ẹgbẹ́ tò. Ẹni mẹ́ta ni màá fi ṣe òpó, wọ́n á máa gbà á fún ara wọn. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa bá mi yàn wọ́n.”

Agùntáṣọọ́lò ni Ẹ̀gbọ́n kọjú sí. “Ṣé wàá lọ rí dókítà?”

“Màá lọ, Mà.”

Ó gbé ẹrù rẹ̀ karí. Kóòṣì ń ké pè é láti ẹnu géètì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn kọjá, ó yà sí títì, kò bojú wẹ̀yìn.