Àbẹ̀kẹ́ Inú Omi

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní onírọ́. Ó ṣojú mi kòrókòró, nínú pálọ̀ wa ní Òkè-Ìlá, ọ̀sán gangan sì ni.

Akínwálé ọkọ mi ló ra ẹja kan tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó jọ ẹja àrọ̀, àmọ́ ẹ̀gún tò sí ìhà rẹ̀ bí eyín ayùn. Bí èèyàn bá gbé e kúrò nínú omi, á máa ké, kùú, kùú. Ọkọ mi, tí kì í mọ ibi tó yẹ kí eré mọ, ló bá fi oríkì Dùnmínínú, ọmọ wa kan ṣoṣo, sọ ẹja lórúkọ. Àràárọ̀ ló ń fún un lóúnjẹ, tí á máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa. Àwọn kò rẹ́rìn-ín.

"Orí ọmọ là á fi oríkì pè," ni wọ́n wí. "Ọmọ ta lò ń pè nínú omi, nínú ulé yìí?"

Akínwálé ní ojú ti là. Èmi náà rò pé àgbà ń ṣe àgbà ni.

Ẹnu ọmọ mi kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ó kọ́kọ́ fi orin sílẹ̀. Nígbà tó yá, orí ló fi ń dáni lóhùn. Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo pè láti kíṣìnnì.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Mà."

Ohùn ọmọ mi ni. Mo fi ayọ̀ sáré bọ́ sí pálọ̀. Dùnmínínú pa ẹnu dé, ó ń wo àpótí onígíláàsì tí ẹja wà. Mo tún pè é. Ètè rẹ̀ kò mira. Inú omi ni wọ́n ti jẹ́ mi.

Mo ní kí Akínwálé lọ gbé ẹja náà jù nù. Kò jiyàn. Ó fi àwọ̀n gbé ẹja sókè, ẹja kò ké. Ọmọ mi ló ṣubú, tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé, tí kò rí èémí mí.

"Dá a padà," mo wí.

Ó dá a padà. Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Láti ìgbà náà, a kì í fi ilé sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ẹja. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, wọ́n ti mú iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ti dákẹ́. Akínwálé ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, kò tan. Mo ń fi ife bu omi àpótí, mo ń dà á padà kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Dùnmínínú di aṣọ mi mú.

"Àbẹ̀kẹ́, má sùn," ni mò ń wí. N kò mọ èyí tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú wọn.