Ó Tẹ Búréèkì

Ẹsẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n nà gbọọrọ jáde láti inú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà òkè, bàtà wà lára ọ̀kan, ìkejì wà lásán, kẹ̀kẹ́ kan sì dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, táyà rẹ̀ ṣì ń yí. Ọkùnrin náà tẹ búréèkì kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó ti ń ronú ohun tó máa sọ fún àwọn ará ilé olóògbé nígbà tí ẹ̀rín bú jáde nínú igbó náà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn obìnrin kan ní, "tí ẹ bá rí bàtà mi, ẹ bá mi kí i."

Ó fà á jáde. Ẹrẹ̀ ti bo obìnrin náà débi pé ojú àti eyín nìkan ló ṣẹ́kù tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀.

"Ṣé kò síbi tó ń dùn yín?"

"Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí bí mo ṣe fò kí n tó já bọ́?"

"Mi ò rí i."

"Áà, ó mà ṣe o! Ó dára gan-an ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò tẹ búréèkì?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni pé ó ní kó má mí mọ́. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Gbogbo ìlàágùn tí mo fi gun òkè yìí, ṣé kí n lè wá tẹ búréèkì ni?"

Ọkùnrin náà tú àpò rẹ̀ láti wá sípánà tó máa fi tún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ti wọ́ ṣe. Obìnrin náà na ọrùn wo inú àpò. Ó rí oògùn ojú egbò, ó rí tíúbù mẹ́ta, ó rí páǹpù kan, ó sì tún rí òmíràn.

"Páǹpù méjì?"

"Ọ̀kan lè bàjẹ́."

"Ẹ ti gbéyàwó?"

"Rárá o."

"Àbí méjì lẹ̀ ń wá? Torí pé ọ̀kan lè bàjẹ́?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà tó fi jókòó sórí òkúta, sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá ń retí kí ìfẹ́ kọ bíi mànàmáná á pẹ́ níbẹ̀.

Apòògùn ni ọkùnrin yìí. Ní ilé oògùn rẹ̀, ó máa ń ka hóró oògùn lẹ́ẹ̀mejì, á tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta, torí ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ lè ti gbìmọ̀ pọ̀ tàn án. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà ló ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, búréèkì rẹ̀ á máa ké bí ọmọ tí wọ́n ń fọ ojú rẹ̀ lọ́ṣẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè ní Sátidé ń pè é. Obìnrin náà, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó wọ ẹgbẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ ní Jẹ́-ó-yí. Ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn.

Ìyá Sípánà ni olórí ẹgbẹ́, àgbà obìnrin tó ti ta táyà títí irun rẹ̀ fi funfun, tí kò sì sí ohun tó ń já lára kẹ̀kẹ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ń yára díẹ̀, Jẹ́-ó-yí sì ti ń dúró de èèyàn.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ó ní, "ẹ ti ń ba ara yín jẹ́. Ẹ máa ṣe é lọ."

Àtẹ̀gùn ilé Jẹ́-ó-yí tóóró, aládùúgbò rẹ̀ kò sì fẹ́ rí ẹrẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá ń sùn ní yàrá ẹrù lẹ́yìn ilé oògùn, láàárín páálí oògùn ikọ́ àti báńdéèjì. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, wọ́n á jókòó lórí ìjókòó kékeré, wọ́n á máa nu ṣéènì. "Ẹ" ti di "o" nígbà yẹn. Apòògùn á máa kìlọ̀, bó ṣe ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́: "Kí o tó fín epo sí ṣéènì, kọ́kọ́ fi aṣọ bo àwo búréèkì, irin pẹlẹbẹ àárín táyà yẹn. Epo àti búréèkì kì í ṣọ̀rẹ́. Tí epo bá kan irin yẹn, búréèkì ò ní dì í mú mọ́."

"Mo gbọ́, olólùfẹ́ mi."

"Kí ni mo sọ?"

"O ní o fẹ́ràn mi."

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Aṣọ, epo, búréèkì. Mo túmọ̀ rẹ̀ ni."

Ohun tó kù ni bàbá Jẹ́-ó-yí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun nìkan ló tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Àga rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé tó dojú kọ ibùdókọ̀, ibẹ̀ ló ti ń dájọ́ fún àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń kọjá: "Ẹni yìí pẹ́ kó tó tẹ búréèkì. Ẹni yẹn tẹ̀ ẹ́ jù. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n wọkọ̀ ìyẹn."

"Iṣẹ́ wo lo sọ pé ò ń ṣe?" ó bi apòògùn lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ mú un wá sọ pé àwọn ń fẹ́ra.

"Apòògùn ni mí, Bàbá."

"Ó dáa. Níbo lẹ ti pàdé?"

"Lórí òkè, Bàbá. A ń gun kẹ̀kẹ́."

Ojú bàbá yí padà. "Orí méjì tí kò pé fẹ́ kóra wọn jọ. Nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ fò láti orí àpáta, ta ló máa sọ fún un pé kó má fò? Rárá o. Ẹ mu omi yín, kí ẹ máa lọ."

Jẹ́-ó-yí gbìyànjú, ó bẹ̀bẹ̀, ó fi eré ṣe é, bàbá kò yí ọ̀rọ̀ padà. Síbẹ̀, apòògùn pinnu pé òun á béèrè lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ bóyá ó máa fẹ́ òun, kí òun tó tún lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá. Ó yan Sátidé tí ẹgbẹ́ fẹ́ gun òkè tó ga jù. Lọ́sàn-án Fúráìdé, ó ti ilé oògùn, ó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe ohun ìyanu fún un. Ó fọ̀ ọ́ tó fi ń dán. Ó ń fín epo sí ṣéènì, ó ń fín in sí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ń dánra wò: "Ọkàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́... Rárá. Ẹyinjú mi, tí kò bá ní ni ọ́ lára..."

Aṣọ tó yẹ kó fi bo búréèkì wà léjìká rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gun òkè láìsí wàhálà, torí ẹni tó ń gòkè kì í wá búréèkì. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, Jẹ́-ó-yí ló ṣíwájú. Níbi kọ́nà olókùúta, wọ́n gbọ́ tó pariwo, wọ́n ṣèbí ariwo ayọ̀ tó máa ń pa ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró irin.

Egungun èjìká rẹ̀ kan ló ṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn, kó tiẹ̀ tó béèrè omi, ó ní, "Mo tẹ búréèkì. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn."

"Ìwọ Jẹ́-ó-yí?" Ìyá Sípánà fọwọ́ pa á lórí. "Sinmi, ọmọ mi." Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín ìfẹ́. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Apòògùn ló ti kẹ̀kẹ́ padà sí yàrá ẹrù. Ó fi ìka kan àwo búréèkì, ìka náà yọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó jókòó sórí páálí oògùn ikọ́, páálí náà sì rún mọ́ ọn nídìí.

Ó fẹ́ sọ ọ́ ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n bàbá ló kọ́kọ́ wọlé sí ilé oògùn lọ́jọ́ náà, ó bọ́ fìlà.

"Wọ́n ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè ọ́. Ìyá yẹn sọ fún mi pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ra bíi tìẹ. Mo ti ṣì ọ́ mú. Fẹ́ ọmọ mi, kí o sì bá mi gba kẹ̀kẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pa á. Mi ò lè sin òun náà."

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: inú apòògùn dùn. Ohun tó ń wá ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé yìí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé lẹ́yìn ìgbéyàwó ni òun á sọ òótọ́, nígbà tí ara bá ti balẹ̀. Òun tó ń ka oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, kò ka ìrònú yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ wo olólùfẹ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó bá a tí ọwọ́ rẹ̀ so mọ́ ọrùn, àwọn ọmọ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá wọn ṣeré. Ó ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má sáré, ẹni tó bá sáré á ṣubú. Apòògùn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Bá mi ta kẹ̀kẹ́ yẹn," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Mo rántí dáadáa pé mo tẹ búréèkì. Ó dá mi lójú bí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ní mi ò tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ò lè jọ ṣàṣìṣe. Tí ọwọ́ mi bá lè parọ́ fún mi báyẹn, olólùfẹ́, kí ni mo tún fẹ́ gbà gbọ́ lára mi?"

Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, apòògùn ti kẹ̀kẹ́ wọ pálọ̀ bàbá, táyà ń fi ẹrẹ̀ gbígbẹ sórí ilẹ̀. Jẹ́-ó-yí wà níbẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń gba ìtọ́jú. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan irin yìí."

Bàbá fi àtàǹpàkò kàn án. Ó fi àtàǹpàkò ra ìka, ó gbé e sí imú. Ẹni tó ti tẹ búréèkì bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kò nílò olùkọ́.

"Epo."

"Èmi ni mo fín in. Mo fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa dán, mi ò sì bo búréèkì. Èmi tí mò ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́. Àtọjọ́ tó ṣubú ni mo ti mọ̀."

Bọ́ọ̀sì kan kọjá níta, bàbá kò wò ó.

"Nígbà náà, ọmọ mi tẹ búréèkì."

"Ó tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Má bínú, ọmọ mi. O sọ fún mi, mi ò gbà ọ́ gbọ́." Ó wá kọjú sí ẹni tó kúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ le. "Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ ní ilé oògùn rẹ, mo gbà á padà. Dìde ńlẹ̀."

Apòògùn wo obìnrin náà. Obìnrin náà ti dìde, ojú rẹ̀ ń dán fún ìbínú. "Èjìká ò dùn mí tó èyí. Ò ń wò mí tí mò ń pe ara mi lékèé, o sì dákẹ́. Fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀, kí o máa lọ."

Ó lọ. Kò bá ẹgbẹ́ jáde mọ́ ní Sátidé. Ó ń ka oògùn lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, àwọn oníbàárà sì ń kùn.

Nígbà tí egungun ti san, ní àárọ̀ Sátidé kan, Jẹ́-ó-yí fi táyà iwájú ti ilẹ̀kùn ilé oògùn wọlé.

"Búréèkì yìí ń fẹ́ àtúnṣe."

Ọkùnrin náà ti oògùn tó ń kà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá Sípánà mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ."

"Ìyá Sípánà ò fẹ́ fẹ́ mi." Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti káńtà. "Gbọ́. Mo bínú gan-an. Ó ṣì ku díẹ̀, fi àyè sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí. Bàbá ti fi mí fún ọ. Ká ní o panu mọ́, mo ti di tìẹ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. O wá gbà láti pàdánù mi kí n lè tún gba ara mi gbọ́. Àwọn tí kì í ṣàṣìṣe, mi ò rí wọn rí. Irú tìẹ yìí ni mo rí, ẹyọ kan."

Apòògùn fi sípíríìtì nu àwo búréèkì, iwájú, ẹ̀yìn. Ó fi rọ́bà búréèkì tuntun sí i. Ó nu irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin náà kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé kí n gùn ún?" ó bi í.

"Gùn ún," ọkùnrin náà ní. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù tó tíì sọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá ti wà nísàlẹ̀ òkè. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá, ó jókòó lórí àga tó ṣeé ká tó gbé wá láti ilé, Ìyá Sípánà dúró tì í. Wọ́n rí Jẹ́-ó-yí lókè, ó tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ó ń bọ̀, eruku ń tẹ̀ lé e, ẹ̀rín rẹ̀ ti dé kó tó dé. Ó yí kọ́nà olókùúta. Ó dojú kọ bàbá rẹ̀ gan-an. Bàbá kò dìde, kò yà, ó kàn di apá àga mú. Kẹ̀kẹ́ náà dúró gbọn-in níwájú orúnkún rẹ̀.

Bàbá wò ó pẹ́. "O tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ó ní.

Apòògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lókè, búréèkì ń ké. Gbogbo wọn dúró dè é. Nígbà tó dé, ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti dánra wò ti fò lọ.

"Fẹ́ mi," ó ní.

"Mo gbà," Jẹ́-ó-yí ní, ó sì dì mọ́ ọn pẹ̀lú eruku àti akoto.

Ìyá Sípánà pàtẹ́wọ́. Wọ́n wo bàbá. Ó dìde, ó ká àga rẹ̀, ó gbé e lé apòògùn lọ́wọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé ẹrù fún ọmọ ilé.

"Mo ti fi í fún ọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbà á padà," ó ní. "Mú un, ọmọ mi. Mi ò ní gbà á padà mọ́."