Etí Gàníyù Náà Lọ sí Sùkúù

Bí ẹni tó pe Gàníyù lórí fóònù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Yẹ́sà! Yẹ́sà!"

Wẹ́dà ni ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ní Ìjẹ̀gùn, ó sì mọṣẹ́ dunjú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tí kò gbọ́ Yorùbá sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù pé kí géètì òun máa ṣí sínú, kó má ṣí síta. "Síta" nìkan ni Gàníyù gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé géètì dé ilé ẹni náà ní Ìpájà, tó gbé e kọ́, ńṣe ló ń ṣí sórí gọ́tà! Oníbàárà figbe ta. Ìtìjú kò jẹ́ kí Gàníyù lè jẹun nígbà tó délé.

"Bàbá Aasiyah," ni Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀, wí, "ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ ni, àbí ẹ kàn ń dáhùn?"

"Mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti ní kó tún un sọ."

"Ilé ẹ̀kọ́ àgbà wà n'Íkòtún. Ẹ lọ jàre!"

Ó lọ. Naomi ni orúkọ tíṣà wọn.

"Tíṣà, mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé," ni Gàníyù wí. "Àmọ́ téèyàn bá sọ ọ́, ńṣe ló ń sáré kọjá létí mi."

Naomi rẹ́rìn-ín. "Ojú yín ló ti lọ sí sùkúù, Bàbá. Etí yín náà gbọ́dọ̀ lọ. Láràárọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, etí yín á máa wá ọ̀rọ̀ ẹ̀ kiri. Ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké o! 'Don't' kéré, àmọ́ òun ló ń sọ 'ṣe é' di 'má ṣe é'. Tí kò bá yé yín, ẹ ní: 'Please, say it again.' Kẹ́ ẹ wá fi ẹnu ara yín tún ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sọ fún ẹni náà."

Ó kọ́kọ́ nira. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orúkọ ìlú nìkan ló ń dá mọ̀ nínú ìròyìn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń pariwo pe Ràbíátù láti pálọ̀: "Wá o! Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́la! Èmi fúnra mi ni mo gbọ́ ọ!"

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kan sáré kọjá. Òṣìṣẹ́ ààbò kan ń fi gbohùngbohùn kígbe ní Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Ìyábọ̀dé, tó ń dín àkàrà lódìkejì títì, fò sókè.

"Olúwa, o ṣé! Wọ́n ní 'light'! Wọ́n ń mú iná mànàmáná dé!"

Gàníyù náà gbọ́ "light", ṣùgbọ́n ó gbọ́ "don't" ṣáájú rẹ̀. Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà.

"Please! Say it again!"

Ọkọ̀ dúró. Ọkùnrin náà rọra tún un sọ: "Don't light any fire. Fuel is on the road."

"No fire? Fuel on the road?"

"Yes!"

Ó yé e wàyí! Ọkùnrin náà na gbohùngbohùn sí i, Gàníyù sì figbe ta: "Ẹ má dáná o! Epo bẹntiróòlù ti dà sójú títì! Ẹ pa jẹnẹrétọ̀! Ẹ pa sítóòfù! Ẹ jáde!"

Ìyábọ̀dé da iyanrìn bo iná àkàrà, ó sá lọ. Àwọn wẹ́dà yòókù pa ẹ̀rọ, ìyá gbé ọmọ, àdúgbò dà gììrì. Iná epo ti pa èèyàn níbẹ̀ rí, Ìjẹ̀gùn kúkú mọ ohun tí epo àti iná lè ṣe.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn panápaná ti fọ epo náà kúrò. Irun orí ẹnì kan ò jó! Àwọn aládùúgbò gbé Gàníyù sókè, wọ́n ń kọrin. Ràbíátù, tó ti dá ohùn ọkọ rẹ̀ mọ̀ láti inú ilé, ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lágbà, ẹ má fi ìwé nìkan kọ́ ọ. Ẹ máa tẹ́tí sí i lójoojúmọ́, ì báà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ má ṣe bí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀, abèèrè kì í ṣìnà. Tí ilé ẹ̀kọ́ àgbà bá wà nítòsí yín, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání.