Ọsán Ni àbí Ọsàn?

Ọkùnrin náà ń sáré bọ̀ láti ẹnu géètì pápá ìtafà, ìyẹ̀fun funfun wà lápá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì gbé àpò ọsàn ńlá kan lé èjìká. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó sọ àpò náà kalẹ̀ níwájú Télọ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Àwọn tó dùn jù ni mo fara balẹ̀ ṣà."

Télọ̀ wo àpò ọsàn, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó tún wo ọrun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Okùn ọrun náà ti já, ó rọ̀ dirodiro. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, àmọ́ ó mú un mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí ọkùnrin yìí kò pé. Okùn tí wọ́n fi ń de ọrun ni à ń pè ní ọsán. Nígbà tí ti Télọ̀ já, bàbá rẹ̀ ní kó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń bọ̀ wá kọ́ ọfà títa, nítorí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọsán kò jìnnà sí ilé búrẹ́dì tí onítọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Mu osan wa kiakia." Kò fi àmì ohùn sí i. Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Oníbúrẹ́dì kà á, ó ní òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, ó kọrí sọ́dọ̀ àwọn eléso. Kò béèrè. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, pé kò béèrè.

"Ọsán ni mo ní kí ẹ mú wá," ni Télọ̀ wí. Ó gbé okùn tó já náà sókè. "Ọsán."

Oníbúrẹ́dì wò ó títí. "Háà. Ọsán."

"Ọsán já, ọrun di ọ̀pá," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn wọn. Bàbá Télọ̀ ni, ọdẹ àgbà tó ń kọ́ gbogbo pápá náà níṣẹ́. Baba Ìdúró ni wọ́n ń pè é, nítorí bí o bá gbé orí fífọ́ pàápàá lọ bá a, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò kọ́kọ́ wò, yóò bi ọ́ bí o ṣe dúró. "Wọ́n ní kó mú okùn wá, ó kó èso dé. Ó dáa náà. Ẹ jẹ́ ká máa fi ọsàn ta ọfà."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì náà rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó bó ọsàn kan, ó là á sí méjì, ó na ìlàjì sí Télọ̀. "Ẹ bá mi jẹ ẹ́, kí ìtìjú yìí lè dín kù."

Télọ̀ gbà á, ó jẹ ẹ́. Ọsàn náà dùn lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Ọlọ́sàn ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ohun tí èmi náà yóò sì máa pè é nìyẹn.

Ní agbègbè yẹn, wọ́n máa ń ti igbó pa fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹran lè bímọ. Bí igbó bá ṣí, àwọn ọlọ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́ kó wọlé, oníbọn á ṣì dúró. Gbogbo ọdún ni Baba Ìdúró máa ń kó ènìyàn díẹ̀ wọgbó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sì dá a lójú, ilé ni yóò jókòó sí. Ó ní ẹran tí ọfà bá bà níbi tí kò yẹ, ìrora ni yóò gbé lọ sínú igbó, kò ní kú, kò sì ní yè. Ó ní òun kò fẹ́ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn òun.

Ọlọ́sàn lágbára. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun látàárọ̀, kí ni ọrun fẹ́ fi apá rẹ̀ ṣe? Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ. Bí orí ọfà bá ti ń sún mọ́ àmì báyìí, ìka rẹ̀ ti tú. Ọ̀kan á wọ àárín gbùngbùn, èkejì á lọ bá àwọn aláǹgbá nínú koríko. Baba Ìdúró wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Obìnrin tó ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ni Télọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. "Ẹ tún ti kánjú," ni yóò wí.

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á."

"Fẹ́rẹ̀ẹ́ kì í pa ẹran."

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Tó bá di àárọ̀, Ọlọ́sàn á gbé búrẹ́dì gbígbóná sórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀, á ní ó ṣẹ́kù ni, bẹ́ẹ̀ èyí tó dára jù nínú ààrò ni. Télọ̀ náà gba ẹ̀wù rẹ̀ tó ya nígbọ̀nwọ́, ó lẹ̀ ẹ́ débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bí wọ́n bá ń ti pápá bọ̀, wọ́n á rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò, tí kò fẹ́ tètè délé. Ìfẹ́ ni. Àwọn méjèèjì mọ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Ibi tí Ọlọ́sàn ti wá ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó lọ jókòó sórí àga ní pálọ̀ Baba Ìdúró, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

Baba Ìdúró wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ó mọ̀?"

Ọlọ́sàn náà wá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Télọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì, irú ikọ́ tí ènìyàn fi ń bo ẹ̀rín. Télọ̀ tó ń gbé omi bọ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rọra gbé omi náà kalẹ̀.

"Bí o ṣe ń ta ọfà náà lo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan," ni Baba Ìdúró wí. "O rí ọmọ mi, ìka rẹ tú. Ìyà tí ọfà bẹ́ẹ̀ fi ń jẹ ẹran ni wàá fi jẹ ọmọ mi. Igbó máa ṣí láìpẹ́. Bí o bá lè mú ọwọ́ rẹ dúró tí mo fi lè mú ọ wọgbó, padà wá sórí àga yìí. Bí o kò bá lè ṣe é, má tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́."

Télọ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ le.

"Ṣé o ò fẹ́ràn mi ni?" ni Ọlọ́sàn béèrè.

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn. Ohun tí o lọ bi bàbá mi, èmi ló yẹ kí o bi. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí kò ní dúró gbọ́ tẹnu mi. Lọ mú ọwọ́ rẹ dúró."

"Bí mi ò bá lè ṣe é ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ọsàn lo kó wá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó pinnu. Lọ́jọ́ kejì, kí Télọ̀ tó dé pápá, ó ti wà níbẹ̀.

Télọ̀ gbé àmì kúrò níwájú rẹ̀ pátápátá. Ó mú un dúró síwájú ìdì koríko gbígbẹ, nítòsí débi tí òpè kò lè tàsé, ó fi àjákù aṣọ dúdú di ojú rẹ̀. "Kò sí ohun tí o fẹ́ bà. Mọ ara rẹ ná." Ó kọ́ ọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa wà, bí èjìká ṣe máa rọlẹ̀, bó ṣe máa fi ẹ̀yìn fa ọsán dípò ọwọ́, àti bí oríkèé ìka rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kan igun ẹnu níbì kan náà, ní gbogbo ìgbà. Bí ọfà bá lọ tán, kó má mira. Nígbà tó mọ ìyẹn, ó fún un ní èyí tó le jù: kó fa ọrun dé òpin, kó mú un dúró, kó sì dá a padà láìta á.

"Láìta á?"

"Láìta á."

Ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ dé ọjọ́ nìyẹn. Ìka rẹ̀ bó, Télọ̀ rán awọ fún un láti fi bò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ọfà wọn gbì, gbì, òun ń fà, ó ń dá a padà. Lọ́jọ́ kan, ó sú u. Ó fi ọrun tì sára ìdì koríko. "Mi ò rò pé mo lè ṣe é."

Télọ̀ kò bẹ̀ ẹ́. "Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti tó yọ?"

"Mo máa ń dúró ni. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò kó tó tó, ó máa wó lulẹ̀."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Èyí tó ti wó mọ́ mi lọ́wọ́ kò lóǹkà."

"Ó dáa. Má ṣílẹ̀kùn."

Ọlọ́sàn wò ó, ó lọ mú ọrun rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti fà á dé igun ẹnu, Télọ̀ á sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: má ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n gbé àmì padà, àwọn ọfà rẹ̀ dúró pọ̀ níbì kan bí ọmọ ìyá. Baba Ìdúró wá wò wọ́n, kò yìn ín. Ó kàn ní, "Wọ bàtà tó nípọn lọ́la. Igbó ń ṣí."

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí àwọn mẹ́ta wọgbó. Baba Ìdúró fara pamọ́ sẹ́yìn igi kan, Télọ̀ sí òmíràn, Ọlọ́sàn wà níwájú. Ó pẹ́ kí ìgalà kan tó yọ, akọ, ó sanra, ó ń jẹ ewé bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́sàn fa ọrun. Oríkèé ìka kan igun ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹran náà kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó mú un dúró. Bí ó bá ta á, ó lè bọ́ sí i. Bó bá sì bọ́ sí i, òun ni ọdẹ, òun ló ni àga. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹran kò yí padà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má ṣílẹ̀kùn. Ó rọra dá ọsán padà. Ìgalà gbọ́ ìró rẹ̀, ó gbórí sókè, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọwọ́ òfo ni wọ́n padà sílé. Baba Ìdúró rìn síwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Ọlọ́sàn po ìyẹ̀fun lóru ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ó gbà pé ó ti tán.

Àárọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Baba wọlé: "Mu osan wa."

Ọlọ́sàn ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà kó tó dúró. Ó jókòó padà. Ó pe Baba lórí fóònù. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọsán ni àbí ọsàn?"

Ẹ̀rín àgbàlagbà bú jáde lódìkejì. "Ìyá Télọ̀, wá gbọ́. Ó béèrè." Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. "Mú méjèèjì wá. Ìyàwó mi fẹ́ jẹ ọsàn, ọrun ọmọ mi tún ń wá ọsán. Kí o sì wá lọ́sàn-án."

Nígbà tó dé, Baba nawọ́ sí àga. "Ẹran àná, kí ló dé tí o ò ta á?"

"Kò tíì tó yọ sà."

Baba Ìdúró mi orí sókè sódò. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ ló wò. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo fẹ́ fẹ́. Ó wà lẹ́yìnkùlé."

Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọrun tí kò ní okùn. Ọlọ́sàn fún un ní ọsán, ó bá a tẹ ọrun náà, Télọ̀ sì fi ojú okùn kọ́ orí ọrun. Nígbà náà ni Ọlọ́sàn dúró dáadáa. "Ìwọ ni mo wá bi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Télọ̀ fi ìka ta ọsán náà, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó mú ọsàn kan nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, kò sì kánjú rárá. Ọlọ́sàn la ẹnu, ó pa á dé. Kọ́tìnnì mì lójú fèrèsé. Baba Ìdúró ló di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú kó má baà sọ̀rọ̀. Télọ̀ jẹ ẹ̀là kan. Ó jẹ òmíràn. Òógùn ń ṣàn lójú Ọlọ́sàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

"O ò ní sọ nǹkan kan?" ni Télọ̀ béèrè.

"Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Télọ̀ fi ìyókù ọsàn náà sí i lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú. "Mo gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá ṣílẹ̀kùn ni."