Tíṣà Ìbíkúnlé Kọ Ọ́síjìn Lọ́wọ́ Ẹni Tó Bojú

Gbogbo ìlú Èrìjìyàn ló mọ̀ pé Tíṣà Ìbíkúnlé kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mọ̀. Kódà nígbà tí àrùn kòrónà gbé bàbá dé ọsibítù ní Arámọkọ, tó ń mí gúlegúle, agídí náà ò kúrò lára rẹ̀.

"Ọmọ isi rè é? Ta ni bàbá rẹ?" ló fi kí nọ́ọ̀sì tó gbé ọ́síjìn wá. "Ṣí ojú rẹ kí n rí ọ! Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé mi lọ ulé."

Ó dun Adérìnsọ́lá, nọ́ọ̀sì náà, wọra. Tíṣà yìí gan-an ló kọ́ ọ ní A, B, D! Ṣùgbọ́n aṣọ ìdáàbòbò ti bò ó látòkè délẹ̀, ta ni yóò dá a mọ̀? Bàbá sì ń kú lọ lójú rẹ̀. Ló bá na ọwọ́ sí ìbòmú.

"Rìnsọ́lá! Ọwọ́ ẹ!" Mátírọ̀n Olúbùnmi ló kígbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti aṣọ ìdáàbòbò tirẹ̀.

"Wọn ò dá mi mọ̀ ni, mà. Wọ́n máa kú!"

"Bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ìbọ̀wọ́ yẹn ti kan aláìsàn. Ṣé o fẹ́ gbé àrùn lọ bá ọmọ tí ò ń fún lọ́mú ni? Ojú lo bò, o ò bo orúkọ. Dúró síbẹ̀."

Mátírọ̀n mú máákà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà aṣọ rẹ̀: ADÉRÌNSỌ́LÁ, ỌMỌ DÚRÓTOYÈ, ÈRÌJÌYÀN.

Tíṣà ranjú mọ́ ọn, ló bá bú sẹ́rìn-ín láàárín ikọ́. "Ọmọ Dúrótoyè! Ìwọ olóorun kíláàsì mi!"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi í sí yín nímú."

Bàbá gbé àgbọ̀n sókè wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tí Adérìnsọ́lá parí iṣẹ́, ojú ń yún un bíi kó ha á ya. Mátírọ̀n dúró tì í. "Rọra. Ibi bíbọ́ aṣọ ni àrùn ti ń mú ọ̀pọ̀ nínú wa. Bọ́ ìbọ̀wọ́, ká aṣọ sínú ara rẹ̀, fọ ọwọ́, kó o tó yọ awò ojú. Ìta ni wàá ti yọ ìbòmú, òun ló ń kẹ́yìn. Kó o wá tún ọwọ́ fọ̀."

Lọ́jọ́ tí Tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ariwo ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé wọ́ọ̀dù. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ tó kó àrùn náà. Adérìnsọ́lá dé ilé, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó fún un lọ́mú láìbẹ̀rù.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, bó ti wù kí aláìsàn sún mọ́ yín tó, ẹ má ṣí ìbòmú níwájú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín sáyà, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ẹnì kejì bó bá ń bọ́ aṣọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ń tọ́jú, bí nọ́ọ̀sì bá bojú wọlé tọ̀ yín wá, ẹ má sọ pé kó ṣí i. Ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀.